Ògiri Yàrá Àṣàkẹ́

Bí ẹnikẹ́ni ní Mushin bá sọ fún ọ pé orí ọkọ mi ò pé, má bá a jiyàn. Èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n á ránṣẹ́ pè é pé ògiri ilé àwọn ń mu omi, pé yàrá ń rùn, pé nǹkan dúdú kan ti hù láti ìsàlẹ̀ ògiri títí dé ibi tí wọ́n fi àwòrán bàbá wọn kọ́. Á gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká, á lọ. Tó bá dé ọ̀hún, kò ní wo ògiri. Ohun tó máa kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé, "Ta ló ń sùn nínú yàrá yìí?" Bí wọ́n bá ní ìyá àgbà ni, á ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ìyá àgbà kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní kò ṣeé ṣe, á bi wọ́n pé ta ló ní kò ṣeé ṣe, ṣé wọ́n ti bi ẹni náà fúnra rẹ̀. Àwọn mìíràn á bínú, wọ́n á ní birikìlà làwọn pè, àwọn ò pe lọ́yà. Á kí wọn pé ó dàbọ̀, á gbé àpò rẹ̀, á máa bọ̀ nílé. Ibi tó ti kó ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ sọ.

Abọ́sẹ̀dé lorúkọ mi, Yábàá là ń gbé. Àkàngbé lọkọ mi ń jẹ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Onítẹ̀bọmi tí kì í pa ìsìn jẹ. Èèyàn tútù ni. Bó bá fẹsẹ̀ gbá àga, á bẹ àga. Èmi ni mo gbóná nínú àwa méjèèjì, gbogbo ará ilé ló sì mọ̀. Ẹnu iṣẹ́ ìjọba ló ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún àwọn ilé àtijọ́ tí òyìnbó rélùwéè gbé ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ṣe. Nígbà tó kúrò níbẹ̀ tó ń dá ṣe, kò kọ́ ilé tuntun fún ẹnikẹ́ni. Ilé tó ti gbó, tó ń rin, tí ògiri rẹ̀ ń bu, òun niṣẹ́ tirẹ̀. Dókítà Ògiri ni wọ́n ń pè é. Ọkọ ẹlòmíì á wọlé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú òórùn ẹja tàbí epo mọ́tò lára. Tèmi, òórùn ilé tí wọ́n ti tì pa láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ló ń gbé bọ̀. Mo máa ń ní kó dúró síta kí n kọ́kọ́ bomi sí i lẹ́sẹ̀.

Àmọ́ ó mọ iṣẹ́ náà dájú. Ó ní omi kọ́ lọ̀tá ilé, omi tí kò rọ́nà jáde lọ̀tá ilé. Ògiri amọ̀ tí àwọn bàbá wa mọ, ó ń mí. Òjò á rọ̀, á mu díẹ̀. Oòrùn á ràn, á fà á jáde. Ìgbà tí símẹ́ńtì wá pọ̀, tí gbogbo onílé ń fi símẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀ kí ilé lè dà bíi tolówó, wọ́n di ògiri lẹ́nu. Omi á gba ìsàlẹ̀ wọlé, kò ní ríbi jáde, inú yàrá ló máa là sí. Gbogbo ayé ló ń pa á lówe pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ọkọ mi á ní ẹni tó pa òwe yẹn ò sùn nílé símẹ́ńtì rí. Bí ògiri ò bá lanu, onílé ni kò ní lè mí. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́rìn-ín títí. N kò fi rẹ́rìn-ín mọ́.

Ohun méjì ni kì í ṣe láéláé. Kì í ha ògiri tó ti bu ní gbígbẹ, kì í sì í ha á nígbà tí èèyàn ṣì ń gbé inú yàrá náà. Ó ní ohun dúdú yẹn, lẹ́búlẹ́bú ni. Bí èèyàn bá fi àkísà gbígbẹ nù ún, ó dà bíi pé ó ti lọ, àmọ́ kò lọ síbì kankan. Afẹ́fẹ́ ló bọ́ sí, á gba ihò imú wọlé, á lọ jókòó sínú àyà ẹni tó nù ún. Nítorí náà, á kó gbogbo ẹrù àti èèyàn jáde, á fi aṣọ di imú, á fi omi eérú tó gbóná rin ògiri gbingbin kó tó fi irin pẹlẹbẹ rẹ̀ kàn án. Gbogbo àkísà tó bá fi fọ̀ ọ́, á dáná sun ún, á sì ní kí gbogbo wa jìnnà sí èéfín. Lẹ́yìn náà ló máa ṣí fèrèsé kalẹ̀, á gbé àdògán eléèédú sí àárín yàrá títí ògiri á fi gbẹ, kó tó wá fi ẹfun kùn ún. Mo mọ gbogbo èyí bí mo ṣe mọ bí wọ́n ṣe ń ro ọkà, nítorí kò sí ọjọ́ tí kì í sọ ọ́ nílé wa. Ẹnikẹ́ni tó bá ti bá wa jẹun rí ló mọ̀ ọ́n.

Ó ní àbúrò obìnrin kan ṣoṣo, Àṣàkẹ́. Nítorí mo bá a nílé wọn, Àǹtí Àṣàkẹ́ ni mo ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ. Láti kékeré ló ti ní ikọ́ fée. Ìyá wọn tètè kú, ọkọ mi ló sì máa ń pọ̀n ọ́n lọ sí ọsibítù bí èémí bá há a, òun náà ọmọdé. Nígbà tó dàgbà tó wá sí Èkó, ó fẹ́ Lámídì, káfíńtà kan ní Pápá Àjàó, ọmọ ilé Mùsùlùmí àtijọ́ ní Mushin. Ó gba ẹ̀sìn ọkọ rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Ìdíátù. Ọkọ mi ò bá a wí. Ó ní bó bá ti láyọ̀, ó tán. Ó sì láyọ̀. Bí o bá ń bọ̀ ní àdúgbò wọn, ẹ̀rín Lámídì lo máa kọ́kọ́ gbọ́ kó o tó gbọ́ òòlù rẹ̀. Ọmọ nìkan ni wọn ò rí bí, Lámídì ò sì fẹ́ ẹlòmíràn lé e.

Ilé mọ̀lẹ́bí ni wọ́n ń gbé, ilé amọ̀ tí bàbá Lámídì kọ́. Ọ̀ṣẹ́nì, ẹ̀gbọ́n Lámídì, tó ń ta pákó, ń gbé òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Lọ́dún tí ọkọ̀ símẹ́ńtì pọ̀ lójú omi ní Àpápá bí ẹja, Àṣàkẹ́ wá kí wa fún ìgbà díẹ̀. Ó ti sọ ọ́ rí pé ògiri amọ̀ máa ń kun aṣọ ìrun òun. Kó tó padà délé, Lámídì ti fi símẹ́ńtì rẹ́ yàrá náà, tinú tòde, ó sì dán bí awo tánganran. Àwa náà lọ wò ó. Ọkọ mi wo ògiri, ó wo ojú àbúrò rẹ̀ bó ṣe ń dán ju ògiri lọ, ó ní ó dára púpọ̀. Lójú ọ̀nà ló tó sọ fún mi pé ògiri yẹn máa sunkún. Mo ní kí a padà lọ sọ fún wọn. Ó ní ta ló ń bu ẹ̀bùn ọkọ kù lójú ìyàwó.

Nígbà tó di ọdún kejì, tí gbogbo Èkó ń múra fún FESTAC, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Lámídì gbé pákó kan lé èjìká níbi iṣẹ́, ó ní orí ń fọ́ òun, ó jókòó, kò sì dìde mọ́.

Oṣù mẹ́rin ó lé ọjọ́ mẹ́wàá ni opó Mùsùlùmí fi ń jókòó. Wọ́n wọ aṣọ dúdú fún Àṣàkẹ́, wọ́n tẹ́ ẹní fún un nínú yàrá ọkọ rẹ̀, wọ́n ní níbẹ̀ ni kó wà títí yóò fi parí. Ojú títì ni fèrèsé yàrá náà kọ sí. Kí ojú ọkùnrin tó ń kọjá má baà bọ́ sí opó, àwọn obìnrin ilé ní kí wọ́n kan fèrèsé pa. Pákó tí Lámídì fúnra rẹ̀ là ni wọ́n fi kàn án. Kò sẹ́ni tó fi ṣe ibi. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi fún un.

Òjò ọdún yẹn ò mọ ibi tí wọ́n ń gbé dáwọ́ dúró. Nígbà tí a lọ kí i lẹ́yìn oṣù kan, imú ọkọ mi ti sọ fún un kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Àṣàkẹ́ jókòó sórí ẹní, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ògiri náà sì ti dúdú láti ilẹ̀ dé ibi ìbàdí èèyàn tó bá dìde dúró. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀," àyà rẹ̀ sì ń han bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí. Ọkọ mi fọwọ́ kan ògiri, ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀. Ó bi í bóyá ó ń jẹun. Ó ní òun ń jẹ.

Níta ló tó sọ ti ògiri náà fún mi. Ó ní Àṣàkẹ́ gbọ́dọ̀ kúrò nínú yàrá yẹn, ìbáà ṣe fún ìgbà díẹ̀, kí òun lè ha á, kí òun sì gbẹ ẹ́. Bó bá wà níbẹ̀ tí òun ha á, eruku rẹ̀ á pa á. Bí òun ò bá sì ha á, ṣé ohun tó ń hù lẹ́yìn rẹ̀ yẹn ni yóò jẹ́ kó mí? Mo ní ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, kó wọlé lọ sọ fún Ọ̀ṣẹ́nì.

Ó dúró, ó ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Abọ́sẹ̀dé, kò bímọ sílé yẹn. Bí mo bá fọwọ́ ara mi mú un jáde, kí ló máa bá padà wọlé?"

Òótọ́ ni. Opó tí kò lọ́mọ, tó sì fi ìjókòó opó sílẹ̀ láàbọ̀, kí ni wọn ò ní sọ? Wọ́n á ní ara ń ta á, wọ́n á ní ọkọ mìíràn ló ń wá. Mọ̀lẹ́bí ọkọ lè ní ó ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde. Ilé yẹn nìkan ni Lámídì fi sílẹ̀ fún un, ohun gbogbo tó sì ní láyé wà nínú rẹ̀.

Síbẹ̀ a lọ bá Ọ̀ṣẹ́nì. Bí o bá fẹ́ rí bí ìwà pẹ̀lẹ́ ṣe ń pa èèyàn, o ì bá ti jókòó tì wá lọ́jọ́ náà. Ọ̀ṣẹ́nì fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ mi nítorí pé àna ni; ọkọ mi ò jẹ́, nítorí pé Ọ̀ṣẹ́nì dàgbà jù ú lọ. Wọ́n kí ara wọn kú òjò, wọ́n kí ara wọn kú ìnáwó òkú, wọ́n bèèrè ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tó yá ni ọkọ mi ní òun rí i pé ọ̀rinrin ti mú ògiri díẹ̀. Díẹ̀! Ògiri tó dúdú bí ìdí ìkòkò! Ọ̀ṣẹ́nì ní òun náà ti rí i, ohun tí àna òun bá fẹ́ ṣe sí i, ilé tiwọn ni. Ọkọ mi tún yí ọ̀rọ̀ náà po, ó ní òun ò fẹ́ kí iṣẹ́ òun dí opó lọ́wọ́ nínú yàrá náà.

Ọ̀ṣẹ́nì ní, "Kò sí ohun tó máa yẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, àna mi. Ọmọ wa ni. Yàrá rẹ̀ ni."

Mo lanu láti sọ̀rọ̀. Ọkọ mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ó dúpẹ́, ó tún dúpẹ́, a sì jáde. Ó ní ṣé mo gbọ́, wọn ò ní gbà kó kúrò níbẹ̀. Mo ní èmi ò gbọ́ bẹ́ẹ̀, mo gbọ́ pé ọkùnrin náà ń fẹ́ fọkàn wa balẹ̀ ni. Ó ní mi ò mọ ọ̀rọ̀ àna, pé ẹyin ni, bó bá bọ́ kì í ṣeé kó. Ó ní ẹ̀sìn wọn sì ni, ta ni òun Onítẹ̀bọmi tí yóò máa sọ ibi tí opó Mùsùlùmí yóò jókòó sí.

Nítorí náà, ìta ló gbá mú. Kò dúró de ọjọ́ tí òjò máa dá. Ó gbẹ́ gọ́tà yí ẹ̀yìn ilé ká kí omi má baà dúró sídìí ògiri. Ó fi páànù kún etí òrùlé kó yọ síta dáadáa. Ó wá mú òòlù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ símẹ́ńtì tí Lámídì fi rẹ́ ìta, díẹ̀díẹ̀, kí ògiri lè mí gba ẹ̀yìn. Ó dùn mí láti rí i. Gbogbo ibi tó bá gbá, ó dà bíi pé ọwọ́ olóògbé ló ń gbá kúrò lára ilé. Àwọn tó ń kọjá ń bi í pé kí ni bàbá yìí ń bá ilé olówó jà sí. Ọ̀ṣẹ́nì ò bi í. Ó kó pákó wá lọ́fẹ̀ẹ́, ó bọ́ ẹ̀wù, ó bá a di òrùlé mú nínú òjò. Àwọn méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ògiri kan náà, ohun tó yẹ kí wọ́n sọ fún ara wọn sì wà lọ́fun kálukú.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, là ń lọ wo Àṣàkẹ́. Ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́. Dúdú tó wà níbi ìbàdí sọ̀ kalẹ̀ dé orúnkún. Nígbà tó yá, ó ku fírí nílẹ̀. Àṣàkẹ́ fi aṣọ ìrun rẹ̀ àti ìró méjì kọ́ sókè ògiri, ó ní kí yàrá má baà ṣófo lójú òun. Inú ọkọ mi dùn bíi tọmọdé. Ó ní ṣé mo rí i, ògiri ti ń mí. Ó sọ ọ́ fún Ọ̀ṣẹ́nì, inú Ọ̀ṣẹ́nì náà dùn, kò sì sẹ́ni tó tún dá ọ̀rọ̀ kíkúrò sílẹ̀ mọ́.

Èmi ni ara mi ò balẹ̀. Ògiri ń mọ́, ojú Àṣàkẹ́ ń jìn wọnú. Egungun ọrùn rẹ̀ máa ń fà bó bá ń mí. Mo bi í nígbà tí ọkọ mi jáde lọ wo gọ́tà. Ó ní ikọ́ ẹkún ni, opó wo ni kì í wúkọ́. Ó wá dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ wo ojú Ẹ̀gbọ́n. Láti ìgbà tí ògiri yìí ti ń mọ́, wọ́n ti ń jẹun. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀ mi. Ó kù díẹ̀ kí n jáde."

Òótọ́ ló sọ nípa oúnjẹ. Kí ògiri tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́, ọkọ mi máa ń fọwọ́ rú ọbẹ̀ ni, á sì dìde.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ bí ẹni da omi nù, Ọ̀ṣẹ́nì rán ènìyàn sí wa pé òun ti gbé Ìdíátù sínú takisí, pé ọsibítù làwọn ń lọ. A sáré débẹ̀. Ọ̀ṣẹ́nì jókòó sórí ilẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, ó gbé orí Àṣàkẹ́ lé àyà ara rẹ̀ kó lè jókòó lóòró, nítorí bó bá dùbúlẹ̀, kò ní lè mí. Ọkọ mi kúnlẹ̀, ó ní, "Àṣàkẹ́, èmi nìyí." Ó la ojú. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ ò sí tí yóò fi sọ ọ́. Kí dókítà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti lọ. Ìjókòó opó rẹ̀ ò tíì pé.

Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kejì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń sin Mùsùlùmí. Nígbà tí àwọn ọkùnrin padà dé, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Alfa Yẹ̀kínnì, arúgbó tó ṣe àdúà sí i lára, bèèrè ohun tó ṣe é. Iwájú ilé náà gan-an ni Alfa ń gbé. Bó bá wúkọ́ nílé rẹ̀, wọ́n á gbọ́ níbí. Ọkọ mi ṣàlàyé: ọ̀rinrin, ògiri, ikọ́ fée láti kékeré, àti pé kò ṣeé ṣe láti mú un jáde nítorí opó.

Alfa bèèrè pé, "Ta ló ní kò ṣeé ṣe?"

Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Bí ilé bá ń pa opó lára, ẹ̀sìn gbà á láyè kó lọ parí opó rẹ̀ síbòmíràn. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀gàn. Iwájú yín nibí ni mo wà. Ẹnì kan nínú yín ì bá sọdá wá bi mí."

Ọ̀ṣẹ́nì wá dojú bolẹ̀. Ó ní láti oṣù àkọ́kọ́ lòun ti fẹ́ gbé e wá sí yàrá ìyàwó òun, òun tilẹ̀ ti gbọ̀n ẹní sílẹ̀. Ó yíjú sí ọkọ mi. "Àna mi, ẹ̀yin ni mo ń bẹ̀rù. Mo ní bí mo bá ní kó kúrò ní yàrá yẹn, ẹ máa rò pé nítorí kò bímọ la ṣe ń lé e."

Ọkọ mi fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ohùn tó jáde lára rẹ̀, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, mi ò sì fẹ́ gbọ́ ọ mọ́ láyé. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ọmọdé mọ òwe yẹn. Àgbàlagbà méjì, ọlọ́gbọ́n, onínúure, wọ́n bu ọlá fún ara wọn títí ọlá náà fi pa ẹni tí wọ́n jọ fẹ́ràn. Inú mi ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Mo bínú sí wọn, mo sì ń ṣàánú wọn, mi ò tíì mọ èyí tó pọ̀ jù.

Nígbà tó ṣe, wọ́n ní kí èmi ìyàwó ilé wọn wá di ẹrù rẹ̀. Mo fa àpótí rẹ̀ kúrò lẹ́bàá ògiri, mo sì rí ìdì kan lẹ́yìn rẹ̀. Mo rò pé aṣọ ni. Síńgílẹ́ẹ̀tì tí Lámídì fi ń ṣiṣẹ́ ni, gbogbo wọn, ó fà wọ́n ya wẹ́wẹ́, ó ká wọn dáadáa. Wọ́n dúdú. Wọ́n gbẹ. Òórùn tí ọkọ mi ń gbé wálé láti iṣẹ́ ló ń jáde lára wọn.

Mo wo ògiri. Ní ìsàlẹ̀, ibi tí ọwọ́ ẹni tó jókòó lè dé, ó mọ́, mo sì rí ipa ọwọ́ níbẹ̀, bí ẹni nu tábìlì. Mo wá ká aṣọ ìrun àti ìró tó fi kọ́ sókè kúrò. Lábẹ́ wọn, ògiri dúdú títí dé àjà. Kò mọ́ rárá. Kò fìgbà kan mọ́.

Mo pe ọkọ mi. Ó gba ìdì náà, kò tú u, imú rẹ̀ ti sọ fún un. Ó jókòó sórí ilẹ̀ níbi tí Àṣàkẹ́ máa ń jókòó sí. Mo sọ ohun tí Àṣàkẹ́ bá mi sọ fún un, nípa oúnjẹ, nípa ìjà tí kò fẹ́. Ó ní láti jẹ́ pé gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ló máa ń nù ún sílẹ̀ kí a tó dé. Bí ògiri bá ń mọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò ní bá ilé ọkọ rẹ̀ jà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á sì jẹun.

Ọkọ mi ní, "Ní gbígbẹ." Ó tún ní, "Ó mọ̀, Abọ́sẹ̀dé. Nílé wa ló ti gbọ́ ọ." Ó sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú, mo sì jókòó tì í, mo sun tèmi.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ ló padà lọ ṣe yàrá náà. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ọ̀ṣẹ́nì fúnra rẹ̀ ló yọ pákó kúrò lójú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ sì wọlé. Alfa Yẹ̀kínnì sọdá, ó ń bá wọn pọnmi, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi fi omi eérú rin ògiri, ó ha á, ó fọ́ símẹ́ńtì inú títí amọ̀ pupa fi yọ, omi sì ń là lára rẹ̀ bí òógùn. Nígbà tó kan àkísà, ó dáná sí ẹ̀yìn ilé, ó kó gbogbo rẹ̀ sí i, tirẹ̀ àti ti Àṣàkẹ́. Òun tó máa ń ní ká jìnnà sí èéfín, ó dúró sínú rẹ̀. Èmi ni mo lọ fà á lọ́wọ́ jáde.

Òjò ti rọ̀ kọjá lórí ilé náà láti ìgbà yẹn, ọdún ti gorí ọdún. Yàrá náà gbẹ, ó funfun, fèrèsé rẹ̀ kì í tì. Ọ̀ṣẹ́nì ò gbé ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Ní gbogbo ìgbà òjò, ọkọ mi á lọ sí Mushin lẹ́ẹ̀kan, á fọwọ́ kan ògiri láti ilẹ̀ títí dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá dé, á gbóòórùn ọwọ́, á kí wọn, á padà wálé. Á ní ó ṣì gbẹ. Mo máa ń ní mo gbọ́, mo sì máa ń bu oúnjẹ fún un. Kì í jẹun lọ́jọ́ yẹn.